Àforíjì kì í ṣe ti ẹbí: bí ẹ ṣe lè kọ ìtàn ọ̀dọ́ tó dá lórí àṣírí ilé

Iṣẹ́ tí mò ń ṣe ní Mọ́kọ́lá, n'Íbàdàn, ni pé mo máa ń ka ìwé tí àwọn òǹkọ̀wé bá fi ránṣẹ́ kí ọ̀gá mi tó pinnu bóyá a ó tẹ̀ ẹ́. Olùkọ́ Yorùbá ni mí tẹ́lẹ̀ ní ilé ẹ̀kọ́ girama, ìdí nìyẹn tó fi jẹ́ pé èmi ni wọ́n ń kó ìtàn àwọn ọ̀dọ́ fún, èyí tí wọ́n kọ fún ọmọ ọdún 12 sí 18. Láìpẹ́ yìí, ìtàn ilé tí wọ́n ti ń fìyà jẹ ọmọ, tí ẹbí sì pawọ́ pọ̀ bò ó mọ́lẹ̀, ló pọ̀ jù nínú ohun tó ń dé ọwọ́ mi. Inú mi dùn sí i. Àmọ́ kí n tó ṣí orí tó kẹ́yìn ni mo ti máa ń mọ ohun tó wà níbẹ̀: àwọn àgbà jókòó, bàbá sunkún díẹ̀, ọmọ kúnlẹ̀, pásítọ̀ tàbí àáfáà gbàdúrà, wọ́n gbé ìrẹsì wá. Ọmọ tí wọ́n nà ní orí kejì ti ń bu ẹran sí àwo fún ẹni tó nà án ní orí kejìlá.

Àwọn ọmọ tí mo kọ́ kì í gba irú ìparí bẹ́ẹ̀ gbọ́. Wọn á kà á tán, wọn á pa ìwé náà dé, wọn á ní, "Ẹ̀yin àgbà náà lẹ kọ ọ́." Ẹ̀yin tí ẹ bá fẹ́ kọ irú ìtàn yìí, ohun tí mo máa ń sọ fún àwọn òǹkọ̀wé mi rèé. Ìtàn kan tí mo hun fúnra mi ni màá fi ṣe àpẹẹrẹ, kí n má bàa tú ìwé ẹnikẹ́ni síta.

Àṣírí kì í gbé inú àpótí

Lẹ́tà tí wọ́n fi pamọ́ sábẹ́ bẹ́ẹ̀dì, tí ọmọ wá rí lọ́jọ́ tó ń gbálẹ̀: ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbàgbé ìyẹn. Ilé Yorùbá wo lẹ ti rí i tí wọ́n ti kọ ẹ̀ṣẹ̀ bàbá sílẹ̀ sínú lẹ́tà? Iṣẹ́ ojoojúmọ́ ni àṣírí ilé. Àwọn kan gbọ́dọ̀ máa ṣe é láàárọ̀ àti lálẹ́: ẹni tí a kì í béèrè, ọdún tí a kì í dárúkọ, ọ̀rọ̀ tí ẹ bá ti fẹ́ dé ìdí rẹ̀ tí ìyá á ní kí ẹ lọ wo ìkòkò lórí iná.

Mojísọ́lá, ọmọ ọdún 15, ń gbé ní Ìyànà Ìpájà pẹ̀lú bàbá àti ìyá rẹ̀. Ó ní ẹ̀gbọ́n kan, Rónkẹ́, ọmọ ọdún 22, tó ń gbé lọ́dọ̀ ìyá bàbá wọn ní Ìlá-Ọ̀ràngún láti ìgbà tí Mojí ti wà ní ọmọ ọdún 3. Iṣẹ́ télọ̀ ni Rónkẹ́ ń ṣe. Etí rẹ̀ òsì kò gbọ́ràn. Yírùnyírùn ló bà á jẹ́ nígbà tó wà ní kékeré. Ohun tí gbogbo ẹbí ń sọ nìyẹn. Òótọ́ ibẹ̀ ni pé bàbá wọn ló gbá a létí lálẹ́ ọjọ́ kan nígbà tó wà ní ọmọ ọdún 10. Awọ etí bẹ́. Ìyá rẹ̀ kò gbé e lọ sí ọsibítù, torí pé dókítà á béèrè. Òróró gbígbóná ló ń kán sí i. Etí náà ń ṣọyún, ó ń gbẹ, ó tún ń ṣọyún, títí kò fi gbọ́ nǹkan kan mọ́.

Ẹ wo ìdí tí mo fi yan yírùnyírùn. Àìsàn náà lè ba etí jẹ́ lóòótọ́, nítorí náà irọ́ yẹn dúró lórí ẹsẹ̀ rẹ̀; nọ́ọ̀sì pàápàá lè gbọ́ ọ kó mi orí. Irọ́ tí ẹbí ń pa gbọ́dọ̀ le tó bẹ́ẹ̀. Ẹ sì wo òróró. Awọ etí tí ìgbájú bá bẹ́ sábà máa ń pa dé fúnra rẹ̀ láàárín ọ̀sẹ̀ mélòó kan bí wọn ò bá jẹ́ kí nǹkan wọ ibẹ̀. Ìbẹ̀rù ìyá ló parí ohun tí ọwọ́ bàbá bẹ̀rẹ̀. Bí ẹ bá ti ní irú kókó yìí, ìtàn yín kì í ṣe ti òṣìkà kan ṣoṣo mọ́.

Ó tún ku ohun tí àdúgbò ń pè wọ́n: Bàbá Rónkẹ́, Ìyá Rónkẹ́. Orúkọ ọmọ tí wọ́n gbé kúrò nílé ni gbogbo ayé fi ń kí wọn láàárọ̀. Bí ayálégbé tuntun bá kó dé, tó ń pe ìyá náà ní Ìyá Mojí, tí ìyá náà sì dáhùn láìtún un ṣe, òǹkàwé á fura láìjẹ́ pé ẹ la ẹnu.

Kí ẹ tó kọ orí kìn-ín-ní, ẹ mú ìwé kan, ẹ kọ orúkọ gbogbo ẹni tó mọ òótọ́. Ní ẹ̀gbẹ́ orúkọ kọ̀ọ̀kan, ẹ kọ ohun tó máa ń sọ bí wọ́n bá béèrè. Ní ẹ̀gbẹ́ ìyẹn, ẹ kọ ohun tó ń rí nídìí rẹ̀. Ìyá àgbà ní Ìlá ń dáàbò bo orúkọ ọmọ rẹ̀. Nọ́ọ̀sì tó ń gbé ní òpópónà kejì mọ̀, ṣùgbọ́n bàbá Mojí ni alága ẹgbẹ́ onílé, òun ló sì bá a bẹ onílé rẹ̀ lọ́dún tí owó ilé wọ́n ọn. Ìyá Mojí ń rí òrùlé. Rónkẹ́ fúnra rẹ̀ ńkọ́? Ibí yìí ni ọ̀pọ̀ òǹkọ̀wé máa ń fi àyè sílẹ̀ sí, wọ́n á ní ẹ̀rù ló bà á. Ẹ̀rù nìkan kì í pa ènìyàn lẹ́nu mọ́ fún ọdún 12. Nínú ìtàn tèmi, ó bá wọn ṣe àdéhùn: òun á lọ sí Ìlá, òun á máa jẹ́ ọmọ tí yírùnyírùn ṣe, bàbá kò sì ní gbé ọwọ́ sókè sí Mojí láé. Ó rò pé etí òun lòun fi ra ẹ̀yìn àbúrò òun.

Àmì tí òǹkàwé á rí kí ọmọ náà tó rí i

Ẹ tú u ká sínú ìtàn, ẹ má sì dúró tì í. Bí Rónkẹ́ bá wọ yàrá, á wá àga tí gbogbo ènìyàn á fi wà lápá ọ̀tún rẹ̀. Ní orí kejì, ọmọ ayálégbé kan ń sunkún pé etí ń ro òun, Mojí gbé ìgò òróró, ìyá rẹ̀ sì já a gbà lọ́wọ́ rẹ̀ débi pé ó dà sílẹ̀, kò sì sọ ìdí. Bàbá ń na Mojí ní wáyà, ṣùgbọ́n kì í kan ojú tàbí etí. Ó máa ń fi ìyẹn yangàn níbi ìpàdé onílé: "Èmi ò gbá ọmọ lójú rí, ẹ̀yìn ni wọ́n ń na ọmọ." Ó gbà lọ́kàn ara rẹ̀ pé òun ti yí padà. Nígbà tí òǹkàwé bá wá mọ òótọ́ tán, tó tún rántí gbólóhùn yẹn, kò sí ìwàásù tí ẹ lè kọ tó máa tó o.

Ìsìnkú ló sábà máa ń tú irú nǹkan báyìí ká. Ìyá àgbà kú, gbogbo ẹbí kó lọ sí Ìlá, wọ́n sì ní kí Rónkẹ́ rán aṣọ ẹbí fún àwọn ọmọdébìnrin. Ó ń wọn Mojí. Ó ní kó yọ búláòsì. Ó rí ẹ̀yìn rẹ̀, téèpù sì bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Lójú rẹ̀, àdéhùn ti bàjẹ́, ó sì ti pẹ́ tó ti bàjẹ́ láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni sọ fún un. Ẹ jẹ́ kí ìdí tí òótọ́ fi jáde jẹ́ nǹkan báyìí, ohun tó ti inú iṣẹ́ àti ìwà ẹni wá. Mi ò fẹ́ kí wòlíì kankan ríran.

"Wọ́n" àti "ó"

Bí ọmọ bá ń sọ ìtàn ara rẹ̀ ní Yorùbá, á máa bọ̀wọ̀ fún bàbá rẹ̀ kódà níbi tó ti ń ròyìn wáyà: "Dádì mi lọ sẹ́yìn ilẹ̀kùn. Wọ́n ní kí n kúnlẹ̀." Ọ̀wọ̀ yẹn ń dun òǹkàwé ju ariwo lọ. Mo ti rí àwọn tó ń pe bàbá ní "ó" láti ojú ewé kìn-ín-ní nítorí pé inú ń bí òǹkọ̀wé fúnra rẹ̀ sí i. Ọmọ ọdún 15 ní Ìyànà Ìpájà kì í pe bàbá rẹ̀ ní "ó", kódà nínú ọkàn rẹ̀. Ẹ fi "ó" yẹn pamọ́. Lẹ́yìn tí Rónkẹ́ bá ti sọ̀rọ̀ tán, ẹ jẹ́ kó bọ́ lẹ́nu Mojí lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, nínú ìlà kan tí kò gùn. Bóyá á padà sí "wọ́n" lẹ́yìn náà tàbí kò ní padà, ohun tí ẹ gbọ́dọ̀ pinnu kí ẹ tó kọ ìparí ni.

Bàbá náà fúnra rẹ̀, ẹ má sọ ọ́ di ẹhànnà. Chimamanda Ngozi Adichie fi èyí hàn wá nínú Purple Hibiscus, tó jáde ní 2003. Eugene, bàbá Kambili, ní ilé iṣẹ́ ìwé ìròyìn tó ń sọ òótọ́ sójú ìjọba ológun, ó ń san owó ilé ẹ̀kọ́ ọmọ ọlọ́mọ, òun náà ló sì da omi gbígbóná sí ọmọ rẹ̀ lẹ́sẹ̀. Lẹ́yìn tó kú, Kambili ṣì ń fẹ́ kó wá sójú àlá òun. Ọ̀pọ̀ ọmọ tí wọ́n ń fìyà jẹ ṣì nífẹ̀ẹ́ ẹni tó ń fìyà jẹ wọ́n. Bí ìwé yín bá fi ìyẹn pamọ́, ọmọ tó wà nínú irú ilé bẹ́ẹ̀ á rò pé orí òun nìkan ló dàrú. Nítorí náà, bàbá Mojí ló ń jí ní aago márùn-ún láti lọ aṣọ ilé ẹ̀kọ́ rẹ̀, ó sì mọ bí wọ́n ṣe ń mú kí pílíìtì dúró ju ìyá rẹ̀ lọ.

Ní ti nínà náà, ẹ̀ẹ̀kan ni kí ẹ kọ ọ́, kó má sì ju ìpínrọ̀ kan lọ. Ẹ wá fi ojú ewé púpọ̀ sílẹ̀ fún ọjọ́ kejì: bó ṣe jókòó láìfi ẹ̀yìn ti àga, bí búláòsì ṣe lẹ̀ mọ́ ọn lára, irọ́ tó pa fún olùkọ́ eré ìdárayá. Ọmọ tó ti jẹ irú ìyà bẹ́ẹ̀ kò nílò kí ẹ tún nà án nínú ìwé.

Ìpàdé ẹbí

Ibí yìí ni ìtàn yín á ti yè tàbí kú. Wọ́n ti sin ìyá àgbà, àlejò ti lọ, wọ́n kó àga yí ara wọn ká nínú pálọ̀ ní Ìlá. Ẹ jẹ́ kí àwọn àgbà náà mọ̀ ọ́n sọ. Bí ẹ bá sọ wọ́n di òpònú, ẹ ti rẹ́ òǹkàwé yín jẹ, torí àwọn àgbà tó wà nílé tirẹ̀ kì í ṣe òpònú. Wọ́n ti san owó ilé ẹ̀kọ́, wọ́n ti gbé ara wọn lọ sí ọsibítù lóru, wọ́n sì gbà lóòótọ́ pé ẹbí tí kò bá lè dárí ji ara wọn á tú ká. Ẹ̀gbọ́n bàbá àgbà á ní bí a bá fi ọwọ́ ọ̀tún na ọmọ, à á fi tòsì fà á mọ́ra. Àǹtí kan á sunkún, á ní òun náà jẹ ìgbájú nílé ọkọ, òun sì wà níbẹ̀ di òní. Pásítọ̀ á ka ibi tí Jésù ti sọ fún Pétérù pé ìgbà àádọ́rin lọ́nà méje. Bùọ̀dá Lọ́yà á ní òfin pàápàá gba òbí láyè láti fi nínà tọ́ ọmọ tí kò tíì pé ọdún 16, ó wà ní abala 295 nínú òfin ìwà ọ̀daràn tí wọ́n ń lò ní ọ̀pọ̀ ibi ní gúúsù Nàìjíríà. Òótọ́ ni, ó wà níbẹ̀. Ohun tí Bùọ̀dá Lọ́yà kò ní kà síta ni pé òfin yẹn kan náà sọ pé nínà tó bá kọjá ààlà kì í ṣe ìtọ́sọ́nà. Mojí lè lọ wá a kà fúnra rẹ̀ lórí fóònù níbi tó jókòó sí. Àwọn ọ̀dọ́ máa ń fẹ́ràn irú ibi bẹ́ẹ̀ gan-an.

Ẹ kíyè sí i pé gbogbo ẹ̀bẹ̀ náà, ọmọ ni wọ́n ń bẹ̀. "Torí tèmi, Rónkẹ́." "Wo irun funfun orí mi." Kò tíì sí ẹni tó ní kí bàbá sọ̀rọ̀. Ẹ jẹ́ kí èyí pẹ́ títí ó fi sú òǹkàwé, kí Mojí tó béèrè ohun kan ṣoṣo: "Dádì, ọwọ́ ọ̀tún ni tàbí òsì?" Òwe àwọn àgbà ló dá padà fún wọn. Inú á bí àwọn kan. Rónkẹ́ ní tirẹ̀ kò ní bá ẹnikẹ́ni jiyàn. Á dìde, á yí àga rẹ̀ padà, á kọ etí òsì sí wọn, á sì máa wo ojú fèrèsé. Wọn á máa bẹ̀ ẹ́ lọ síbẹ̀.

Ta ló ni àforíjì?

Ẹni tó ṣu ló ń gbàgbé, ẹni tó kó o kì í gbàgbé. Ẹ fi òwe yìí sórí tábìlì yín nígbà tí ẹ bá ń kọ ọ̀rọ̀ bàbá náà. Àwọn tó ṣe irú nǹkan báyìí ní gbólóhùn tí wọ́n máa ń lò: "Iṣẹ́ èṣù ni." "Ohun tó ṣẹlẹ̀ ti ṣẹlẹ̀." "Bí mo bá ṣẹ̀ yín, ẹ má bínú." Kò sí ẹni tó ṣe nǹkan nínú gbólóhùn wọ̀nyẹn àfi èṣù. Bí bàbá yìí bá máa tọrọ àforíjì nínú ìwé yín, ẹ fi "mo" sí iwájú gbogbo rẹ̀: mo gbá ọmọ mi létí, mo mọ̀ pé ó fọ́, mo ní kí wọ́n máa pè é ní yírùnyírùn. Lẹ́yìn náà, ó gbọ́dọ̀ ná an ní nǹkan. Ẹkún kì í ṣe owó. Ṣé á gbé Rónkẹ́ lọ sọ́dọ̀ dókítà etí, á sì sọ fún dókítà ohun tó fa á? Ṣé á fi ipò alága ẹgbẹ́ onílé sílẹ̀? Ṣé á kúrò nílé fúngbà díẹ̀ kí Mojí lè sùn? Ọ̀kan nínú wọn tó, bí ẹ bá kọ ọ́ dáadáa.

Ẹbí kò lè fún un ní àforíjì, torí pé etí wọn kọ́. Mojí pàápàá kò lè dárí etí Rónkẹ́ jì í. Ẹ̀yìn tirẹ̀ nìkan ló ní. Ọ̀pọ̀ ìwé ló máa ń dojú rú síbí, tí olú ẹ̀dá ìtàn á dárí jì lórúkọ gbogbo ènìyàn nítorí pé òun ló ń sọ ìtàn. Ẹ jẹ́ kí àwọn ọmọ méjèèjì ní ìdáhùn ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, kí ó sì fa gbọ́nmi-si-omi-ò-to díẹ̀ láàárín wọn. Rónkẹ́ lè dárí jì í kó má sì padà sí Ìyànà Ìpájà láé. Ó lè máa gbé ìpè rẹ̀ lọ́dún Kérésì nìkan. Mojí, tó ṣì ń jẹ oúnjẹ rẹ̀, lè kọ̀ láti dárí jì í kó sì máa kúnlẹ̀ kí i láàárọ̀. Àforíjì, pípadà bá ara ẹni gbé, àti ìjìyà ẹ̀ṣẹ̀: nǹkan mẹ́ta ni, ẹ má dì wọ́n pọ̀ fún ọmọ.

Ìyá ni mo máa ń wò jù. Àwọn òǹkọ̀wé máa ń gbójú fò ó, bóyá nítorí pé wọ́n ṣàánú rẹ̀. Lójú tèmi, ìyá ló ṣòro jù fún Rónkẹ́ láti dárí jì, torí òun ló mọ ọwọ́ tó di ìgò òróró. Bí mo bá ní ojú ewé 20 tó kù, 12 nínú rẹ̀ ni màá fún àwọn méjèèjì nínú ilé ìdáná, láìsí àgbà kankan níbẹ̀.

Bí Rónkẹ́ bá sì kọ̀, tí kò dárí ji ẹnikẹ́ni, ẹ má fi àìsàn jẹ ẹ́ níyà. Ẹ má sọ pé kò rọ́kọ fẹ́. Ẹ má jẹ́ kí ìyá àgbà wá bá a lójú àlá. Mo mọ ibi tí irú ìwàásù bẹ́ẹ̀ ti ń wá: láti ìgbà tí Fágúnwà ti kọ Ògbójú Ọdẹ nínú Igbó Irúnmalẹ̀ ní 1938 ni ìwé Yorùbá ti máa ń dúró láàárín ọ̀nà láti gba òǹkàwé nímọ̀ràn. Mo fẹ́ràn Fágúnwà débi pé mo lè kà á sórí. Ṣùgbọ́n ìmọ̀ràn pé kí ọmọ dárí ji ẹni tó lù ú, ọmọ náà ti gbọ́ ọ ní ilé, ní ṣọ́ọ̀ṣì, ní mọ́ṣáláṣí. Kò ra ìwé yín láti tún un gbọ́.

Òfin, àti ojú ewé tó kẹ́yìn

Ohun tí òfin lè bá yín ṣe nínú ìtàn kò pọ̀ tó bí àwọn kan ṣe rò. Òfin ẹ̀tọ́ ọmọdé ti orílẹ̀-èdè yìí jáde ní 2003. Èkó sọ ọ́ di òfin tirẹ̀ ní 2007, gbogbo ìpínlẹ̀ mẹ́fẹ̀ẹ̀fà ilẹ̀ Yorùbá ló sì ti ní tiwọn. Ẹni tí kò bá tíì pé ọdún 18, ọmọdé ni. Èkó tún ní àjọ kan, DSVA, tí òfin dá sílẹ̀ ní 2021 fún ìwà ipá inú ilé àti ìfipábánilòpọ̀. Bí Mojí bá sọ fún olùkọ́ rẹ̀, ẹ má jẹ́ kí ọlọ́pàá já wọlé ní orí tó tẹ̀ lé e kí gbogbo rẹ̀ sì parí. Àwọn wẹ́fíà á wá, wọ́n á béèrè ọ̀rọ̀, bàbá á fún wọn ní mínírà, ìyá á sì wo ojú Mojí. Ẹ kọ ojú yẹn.

Lẹ́yìn ìtàn, ẹ fi ojú ewé kan sílẹ̀ fún ibi tí ọmọ lè gbà lọ bí ọ̀rọ̀ náà bá jẹ́ tirẹ̀, pẹ̀lú nọ́ńbà tí ẹ ti pè fúnra yín ní ọ̀sẹ̀ tí wọ́n fẹ́ tẹ ìwé náà. Ẹ má daakọ rẹ̀ láti inú ìwé ẹlòmíràn.

Kí ẹ tó fi ránṣẹ́ sí wa, ẹ fún ọmọ méjì tàbí mẹ́ta kà, àwọn tí kì í ṣe ọmọ yín. Ẹ má béèrè bóyá ó dùn, torí wọn á ní ó dùn. Ẹ béèrè ibi tí wọ́n ti kọ́kọ́ fura sí yírùnyírùn. Bó bá jẹ́ orí kìn-ín-ní, àmì yín ti pọ̀ jù. Bó bá jẹ́ ìgbà tí Rónkẹ́ sọ ọ́ lẹ́nu ara rẹ̀, ẹ padà lọ sí orí kejì. Ẹ sì jọ̀ọ́, ẹ fi àmì ohùn sí gbogbo rẹ̀ kó tó dé ọ̀dọ̀ mi. Ojú mi ti ń ṣe bàìbàì.